Ìṣísẹ̀ Mẹ́rin: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Séverin Fáṣínà (1934–2011)

Ní ọdún 1934, ní Pobè, ni a bí Bàbá Séverin fún Fáṣínà, àgbẹ̀ ọlọ́pẹ, àti Èjìdé, ọmọ Issaba. Lẹ́yìn ilé-ìwé, ó kọ́ṣẹ́ mẹkaníkì ní Àjàṣẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti di ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ìjọ tí kì í wọ bàtà sí aṣọ àdúrà.

Ọdún 1961, Dahomè ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, olóògbé ṣí garáàjì rẹ̀ ní Pobè. Títí ó fi darúgbó, eré ọkọ̀ kò yéé yà á lẹ́nu.

Ní 1965, ó fẹ́ fẹ́ Berthe. Bàbá ọmọ, Ládiípọ̀ ará Igana, kọ̀ jálẹ̀: «Mi ò ní í fọmọ mi fẹ́ni tí eré ọkọ̀ máa pa!» Olóògbé mú àgbà náà lọ sójú ọ̀nà, ó fi ọkọ̀ sá eré ogójì kìlómítà ní wákàtí kan, ó tẹ ìjánu ọkọ̀ níbi igi kan. Bàbá Ládiípọ̀ fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti igi náà dé ibi tí ọkọ̀ dúró: ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Olóògbé tún sá ọgọ́rin. Bàbá ti sọ pé méjìlélọ́gbọ̀n ni yóò jẹ́. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni! Bàbá tún un kà, ó sì káwọ́ lérí. Eré di ìlọ́po méjì, ọ̀nà àtidúró di ìlọ́po mẹ́rin.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ni ìdíje ọkọ̀ láti Pobè sí Sakété, tí olóògbé náà wà nínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọkọ̀ ń gbéra, aago ni adájọ́. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni olóògbé ti wá, láìwọ bàtà. Ó ti fi ẹfun sàmì sí igi kan ṣáájú kọ́nà Aguidi, níbi tí yóò ti tẹ ìjánu. Àwọn awakọ̀ yòókù fi í rẹ́rìn-ín pé ibẹ̀ ti jìnnà sí kọ́nà jù.

Ó dé ibi àmì náà, ó tẹ ìjánu. Bí ó ti yọ sí kọ́nà, èrò ti ya bo ọ̀nà, Bàbá Ládiípọ̀ ló wà níwájú! Àtẹ́lẹsẹ̀ olóògbé tí kò wọ bàtà gbọ́ pé táyà fẹ́ há, kó má yí mọ́. Táyà tó bá há, yíyọ̀ ló kù. Ó dẹ ìjánu díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ dúró. Bàbá rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré. Olóògbé ló kẹ́yìn nínú ìdíje ọjọ́ náà. Bàbá ní: «Séverin, wá mú ìyàwó ẹ lọ.»

Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣègbéyàwó. Olóògbé kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níṣẹ́, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá tún ìjánu ṣe. Ó fi aya rẹ̀, Ìyá Berthe, sáyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Jérôme, Marcelline àti Hortense, àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.

Ìyá ti ní kí ọkọ̀ tó gbé pósí dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí ibojì. Àwọn ọmọ ni yóò fẹsẹ̀ lásán gbé e dé ibẹ̀. Bàbá, ẹ ti dé láyọ̀. Ẹ sùn re o.