Orúkọ Tó Wà Nísàlẹ̀ Ìwé Ìròyìn

Kassel, oṣù kọkànlá, 1953

Lothar àbúrò mi,

Ṣé ara ìyàwó àtàwọn ọmọ le ní Milwaukee? Ẹsẹ̀ Màmá ṣì ń wú, èédú sì ti wọ́n.

Wọ́n ti yọ Albrecht ọkọ mi nípò olóòtú. Láàárọ̀ àná, ó wo ìsàlẹ̀ ìwé ìròyìn, níbi tí wọ́n máa ń tẹ orúkọ olóòtú sí. Wessling ló rí níbẹ̀, ẹni tó fi ìwé ìròyìn kan náà bú ẹ láyé ìjọba àtijọ́ títí o fi sá kúrò nílùú. Albrecht tí kì í jẹ́ ká ya ojú ewé kan nínú ẹ̀, ó ní, “Irmtraud, fi dáná jàre.”

Tún bá mi fi kọfí díẹ̀ ránṣẹ́.

O ní kí n sọ fún ẹ tílé bá ti dáa kó o lè padà wálé. Kí Ọlọ́run bá mi pa yín mọ́ sọ́hùn-ún.

Irmtraud, ẹ̀gbọ́n rẹ