Àwọn Olórin Tí Etí Ìlú Yìí Di Sí

Màmá mi,

Ẹ kú àtijọ́. Ara mi le koko. Iṣẹ́ ọ́fíìsì mi ń lọ dáadáa; kódà, ọwọ́ mi ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn orin ńlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà.

Ohun kan ṣoṣo tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ àwọn olórin mẹ́ta tó ń ṣeré níbí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Tí obìnrin àárín wọn bá gbóhùn sókè, ẹ̀yin gan-an á gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná. Síbẹ̀, nínú igba àga, èèyàn mẹ́rin ló ń jókòó, ọ̀kan sì máa ń sùn. Ẹ ò rí ìwọ̀sí!

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n parí orin, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹ ṣáà mọ bí ẹ ṣe tọ́ mi: mi ò lè rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí n má kí i. Mo bá lọgun látẹ̀yìn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Wọn ò gbédè wa, àmọ́ wọ́n tẹrí ba. Látọjọ́ náà, tí mi ò bá tíì kí wọn, wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ orin mìíràn.

Wọ́n ti wá gba ohùn mi sínú orin tuntun wọn. Mo ti fi orin náà ránṣẹ́ sórí fóònù àbúrò mi. Ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè dáadáa, kí ìyá ojúlé kejì tó ní mi ò lè da nǹkan kan láyé lè gbọ́ ọ. Ìró tí ẹ máa gbọ́ lẹ́yìn mi, tó dà bí ìgbà téèyàn ń fún àkísà sínú korobá, òjò ni o.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ilé. Òjò pọ̀ níbí.