Aago Tó Ń Fà Sẹ́yìn

Màámi, ẹ kú ilé o. Ara mi le, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wa kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àwòrán bí a ó ṣe ṣe aago tuntun, èyí tí mo fi ọdún kan yà. Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ló ti fẹ́ fọn ọ́n? Ó yọ kapásítọ̀ kékeré, ẹ̀yà tó ń gba iná dúró, tí mo fi sí ẹ̀gbẹ́ òkúta tó ń gbọ̀n láti ka àkókò nínú aago náà, ó fi ńlá sí i. Mo mọ̀ pé ńlá yẹn á di ẹrù lé òkúta náà lórí, á sì mú un falẹ̀. Mo panu mọ́.

Ní báyìí, àwọn tó ra aago ń dá a padà: ìṣẹ́jú méjì ló ń fi fà sẹ́yìn lóṣooṣù. Ọ̀gá pè mí lánàá pé kí n wá ṣàlàyé. Mo ní, “Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ yà á?” Ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà fún mi!

Ẹ bá mi kí Bàámi. Aago tí mo tò fún wọn, kapásítọ̀ kékeré ló wà nínú rẹ̀; kò ní fà sẹ́yìn láé. Àmọ́ ẹ má fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ mọ́ o.