Gbèsè Tí Kò Ní Ojú

Ọmọ ọmọ mi aránṣọ,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nídìí ẹ̀rọ ti fi ọ́ sílẹ̀? Orókùn tèmi ṣì wà níbi tó wà, ó kàn ń ké ni. Kí ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ máa gbà ọ́ láyè. Tísà tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó fẹ́ fi ayọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀, mo ní kò sí ayọ̀ kankan níbẹ̀, ohun tí mo bá sọ ni kó kọ. Ewúrẹ́ funfun bí méjì, ọ̀kan kú.

Dírẹ́bà tó ń kó pákó jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an, lójú gbogbo èrò. Ó ní báńkì kò yá ọ lówó tí o fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tìrẹ, pé ìwé wọn sọ pé o jẹ gbèsè kékeré kan láti èṣí tí o kò san. Ó ní o búra pé o kò yá kọ́bọ̀. Òótọ́ lo sọ. Èmi ni.

Nígbà tí atẹ́gùn ṣí páànù mẹ́ta lórí ilé, ọkùnrin tó ń ta káàdì ìpè lábẹ́ agboòrùn lẹ́nu ọjà sọ pé fóònù tí o rà fún mi lè yá mi lówó. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó sì ka owó lé mi lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé orúkọ rẹ, tí o fi gba nọ́ńbà fóònù náà, ni wọ́n wò. Mo rò pé wọ́n mọ̀ mí lẹ́ni tó ń san gbèsè ni.

Ọjọ́ pé, mo di owó náà sí etí aṣọ, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, mò ń retí ẹni tó máa wá gbà á. Ẹnikẹ́ni kò wá. Mo wọ́ orókùn dé ẹnu ọjà, ihò ibi tí ọkùnrin yẹn máa ń ki ẹsẹ̀ agboòrùn rẹ̀ bọ̀ nìkan ni mo bá. Lọ́jọ́ kẹrin, kápẹ́ńtà tó kan páànù wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀ tó kù, ó dúró, kò jókòó. Ẹni tó ń kí mi láràárọ̀ ni. Mo tú etí aṣọ fún un. Gbèsè tó ní ojú ni èèyàn ń san, ọmọ. Èyí tí kò ní ojú, tó tún kéré, ọ̀la la máa ń sún un sí. Ká ní ó tóbi ni, ẹ̀rù ì bá ti bà mí.

Nígbà tí ohùn kan wá ń bú mi nínú fóònù, mo pa á, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ìdí nìyẹn tí o fi ń pè mí tí kò wọlé. Mo rò pé bí ó bá sùn níbẹ̀, gbèsè náà á sùn. Tísà ní bíbí ló ń bí nínú àpótí. Ewúrẹ́ tí mò ń fún lóúnjẹ bí méjì, ọ̀kan kú. Gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò fún lóúnjẹ ń bí, kò sì sí èyí tó kú.

Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Èmi ni mo bẹ́gi, ọ̀nà tìrẹ ló dí.

Mo ti ta ewúrẹ́ náà tọmọtọmọ. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ dírẹ́bà, lọ san án. Tísà ní bí o tilẹ̀ san án, àbàwọ́n náà á pẹ́ nínú ìwé wọn. Mo ní ta ni mo lè bẹ̀, ó ní kò sí ẹnì kankan, ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́. Mi ò gbà. Ibi tí wọ́n bá ti ń kọ nǹkan, ẹnì kan ló ń di bírò mú.

Nítorí náà, owó ọkọ̀ nìkan ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Mo fẹ́ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà báńkì yẹn kí wọ́n rí ojú mi, kí wọ́n pa orúkọ rẹ rẹ́, kí wọ́n kọ tèmi. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ lé mi lọ́wọ́. Mi ò ní òmíràn tí mo lè fún ọ.

Kí abẹ́rẹ́ rẹ má ṣẹ́. Kí ọmọ tìrẹ má jogún lọ́wọ́ rẹ ohun tí o jogún lọ́wọ́ mi.

Ìka mi ni mo tẹ̀ sísàlẹ̀ yìí. Tèmi ni, kì í ṣe tìrẹ.

Ìyá àgbà rẹ