Iṣẹ́ Tí Ara Ń Rán sí Ara

Dádì mi tí mò ń pè lọ́kàn lójoojúmọ́,

Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Àtọ̀gbẹ ti padà wọ ilé wa ní Ogida. Kì í ṣe Mọ́mì ló mú, kì í sì í ṣe èmi. Ìbùkún ni, ọmọ mi tí mo bí lẹ́yìn tí ẹ ti lọ.

Òùngbẹ ló fi bẹ̀rẹ̀. Á mu omi, á tún mu omi, ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tó wà ní nọ́sìrì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ ń tóbi mọ́ ọn lára. Mọ́mì ní ó ń ga ni. Ní Sọ́ńdè kan ó ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń mí gúlegúle, ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso tó pọ́n jù. A sáré gbé e dé ọsibítù. Àwọn dókítà ṣe wàhálà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n sọ pé yóò máa gba abẹ́rẹ́ títí ayé rẹ̀, Mọ́mì dìde, ó jáde. Mo bá a lábẹ́ igi kan nínú ọgbà ọsibítù. Ó ní bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gún yín ní abẹ́rẹ́ yẹn náà nìyẹn, kò sì pẹ́ tí ẹ fi kú. Ó ní òun ò ní fi ọwọ́ ara òun gún ọmọ náà láé. Ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ báǹkì kì í jẹ́ kí n tètè délé. Bí Mọ́mì bá kọ̀, ta ni yóò fún un ní abẹ́rẹ́ ọ̀sán tó bá ti ilé-ìwé dé?

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin Ẹ̀dó kan tó ní sùúrù, wá jókòó tì wá. Ó ń sọ Òyìnbó, mò ń tú u sí Yorùbá fún Mọ́mì. Ó nira ju bí mo ṣe rò lọ. Kí ni ǹ bá pe sẹ́ẹ̀lì? Mo ní ara èèyàn jẹ́ ẹgbàágbèje nǹkan wẹ́wẹ́ tí ojú lásán ò lè rí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà láàyè, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ síra wọn láìsinmi. Mọ́mì bi mí pé ẹnu wo ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Mo bá a bi dókítà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní tí a bá jẹun, tí ṣúgà sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀yà ara kékeré tó wà lẹ́yìn ikùn á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ínsúlínì jáde; òun ni iṣẹ́ tí wọ́n ń rán. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e káàkiri. Ojú ibì kan wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù tó bá ínsúlínì mu gẹ́lẹ́. Tó bá ti kàn án níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà á mọ̀ pé oúnjẹ ti dé, á ṣí ọ̀nà kí ṣúgà lè wọlé.

Ní tiyín, Dádì, ara ń ránṣẹ́ náà, àwọn tó ń rán an sí ni kò gbọ́ ọ dáadáa mọ́. Ní ti Ìbùkún, kò sẹ́ni tí yóò rán an. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ló ṣi àwọn tó ń ṣe ínsúlínì mú fún ọ̀tá, wọ́n sì pa wọ́n. Ọmọ náà ń jẹun, ebi sì ń pa ara rẹ̀. Ibi tí mo ti sọ èyí ni Mọ́mì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní ṣé ẹ̀yin lẹ fi í sílẹ̀ fún un ni. Dókítà ní rárá, irú àtọ̀gbẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kò sẹ́ni tó fà á. Ó wá kọjú sí mi.

“Sọ fún Mọ́mì pé abẹ́rẹ́ yìí kọ́ ló pa ọkọ wọn. Ínsúlínì, iṣẹ́ tí ara ọmọ yìí ò lè rán mọ́, ló wà nínú rẹ̀.”

Dádì, ṣé ẹnì kankan jókòó tì yín ṣàlàyé báyìí rí? Mo rántí tíì yín tí kò ní ṣúgà, tí ẹ ṣì máa ń fi ṣíbí rò, tí ẹ ó rò ó pẹ́ kí ẹ tó gbé e sẹ́nu. A máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀rín ni lójú yín náà, àbí ó ń ká yín lára?

Mo gba àyè níbi iṣẹ́ ní ọ̀sán tí a kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ náà nílé. Mọ́mì ní òun fúnra òun ni yóò gún un, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ títí. Ìbùkún gbé ẹ̀wù sókè, ó rí i pé ìyá àgbà rẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ náà sún mọ́ òun, ó tún fà á sẹ́yìn.

“Grandma, no fear,” ló sọ.

Mọ́mì tẹ abẹ́rẹ́ náà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó yọ ọ́. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ibẹ̀, ó bojú wò mí.

“Ṣé àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ yẹn ti gbọ́ báyìí?”

Mo ní kó fún wọn láyè díẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ ọmọ náà, ó jókòó, kò sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Èmi ọmọ yín, tí mo ṣì ń bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹ ò tilẹ̀ dá mi lóhùn.