Erékùṣù Tó Kẹ́yìn Nínú Ìwé Rìsí

Bàbá mi, ọlọ́wọ́ àwọ̀n,

Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà, kí ẹ gbọ́ ìròyìn ọmọ yín. Èmi tí ẹ máa ń sọ pé omi ọ̀sà lásán ń kọ́ lóòyì, mo ti wọ ọkọ̀ òkun tó ga ju mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ Ẹ̀pẹ́ lọ, mo ti yí gbogbo erékùṣù Caribbean po. Mo gun ẹṣin wọ inú òkun ní Barbados. Mo bá àwùn òkun lúwẹ̀ẹ́ ní Antigua, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kí mi. Ní Jamaica, omi kan ń já bọ́ látorí àpáta, mo pọ́n ọn dé òkè bí ọ̀bọ, èmi arúgbó tí orúnkún ń dùn. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ní mọ́ṣáláṣí wa ní Manchester níbí, gbogbo wọn ló máa jẹ́rìí sí i, torí èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn.

Ó dáa. Mo mọ ojú tí ẹ fi ń wò mí. Ẹ yọ ẹṣin kúrò níbẹ̀. Ẹ yọ àwùn náà kúrò. Inú ìwé aláwòrán ni ẹṣin yẹn wà, mi ò gùn ún. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná, màá padà dé orí ẹ̀.

Rìsí ló gbé ìwé aláwòrán náà wálé. Rìsíkátù, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ẹ ti lọ kó tó dáyé. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Eccles tí wọ́n ti ń ta ìrìn àjò ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti àárọ̀ ló máa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á máa rán àwọn òyìnbó lọ síbi tí oòrùn wà, tó bá di ìrọ̀lẹ́, òun fúnra ẹ̀ á lọ dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò. Láti ìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú, àwa méjì péré la kù nínú ilé. Ló bá dé lọ́jọ́ kan, ó ju ìwé náà sórí tábìlì, ó ní ọ̀gá òun fún òun ní àyè nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan, fún òun àti ẹnì kan.

“Ta lẹnì kan náà?” ni mo bi í. “Ṣé o ti rí ọkọ ni?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

“Àṣé o ò tíì rí ọkọ.”

Bí ọkọ̀ yẹn ṣe ń ṣe nìyí. Yóò gúnlẹ̀ sí èbúté kan láàárọ̀, yóò dúró níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, yóò sì tún forí lé òmíràn. Ṣùgbọ́n kó tó kúrò ní Southampton rárá, ẹ gbọ́dọ̀ ti yan ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ní èbúté kọ̀ọ̀kan, torí pé àyè tètè máa ń kún. A wá sọ yíyàn yẹn di iṣẹ́ ọjọ́ Sunday. Bí a bá ti jẹun tán, Rìsí á nu tábìlì, á ṣí ìwé, á fa bírò yọ. Òun ló ń kà á fún mi, ẹ mọ bí ìwé tí mo kà ṣe mọ. Tèmi ni kí n máa yọ ọ́ lẹ́nu.

“Ní Barbados, wọ́n ní a lè wọ inú ihò àpáta. Ọkọ̀ kékeré ló máa gbé wa wọlé.”

“Kọ ẹṣin sílẹ̀ fún mi.”

“Bàbá, orúnkún yín ńkọ́?”

“Ṣé orúnkún mi ló máa sáré ni? Ẹṣin ni.”

“Ó dáa, a ti gbọ́. Antigua ńkọ́?”

“Ibi tí wọ́n ti ń pọn ọtí ni kó o fi mí sí.”

“Àlàájì Mùdà ọ̀rẹ́ yín máa gbọ́ o.”

“Sọ fún un pé wàásù ni mo fẹ́ lọ ṣe.”

Á rẹ́rìn-ín títí jígí ojú ẹ̀ á fi yọ̀ wá sórí imú. Ẹ̀rín yín ni, Bàbá, èyí tí kì í ní ohùn, tó jẹ́ pé èjìká nìkan ló ń gbọ̀n. Mi ò sọ fún un rí pé ẹ̀rín yín ló ń rín. Kí ló dé tí mi ò sọ ọ́?

Saint Lucia ló kẹ́yìn nínú ìwé náà. Òkè kan wà níbẹ̀ tí omi gbígbóná ń hó jáde láti inú ẹ̀, àwọn àlejò sì máa ń bu ẹrẹ̀ ibẹ̀, wọ́n á fi para láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n ní ó ń sọ ara di tuntun. Nínú gbogbo ìwé yẹn, ohun kan ṣoṣo tí Rìsí fẹ́ fún ara ẹ̀ nìyẹn. Gbogbo èyí tó kù, èmi ló ń yan án fún.

“Ní Ẹ̀pẹ́,” mo sọ fún un, “ọmọ tó bá fi ẹrẹ̀ para, pàṣán ni wọ́n fi ń ṣan án nù. Ìwọ fẹ́ wọ ọkọ̀ òkun lọ síbẹ̀.”

“Ẹ ò ní bá mi pa á?”

“Inú ẹrẹ̀ ni mo ti jáde wá síbí.”

“Ẹ máa bá mi pa á, Bàbá. Èmi ni màá fi pa yín lẹ́yìn.”

“Ó di Sunday tó ń bọ̀ ká tó sọ ìyẹn.”

Ó fi bírò sáàárín ìwé, ó pa á dé. Kí Sunday tó pé, ó ṣubú níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Eccles. Orí ti ń fọ́ ọ láti àárọ̀, ó gbé oògùn mì, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Dókítà sọ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ. Ó fara balẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ó tún un sọ, bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Mo ń mi orí. Mo ń rò ó pé, tí mi ò bá ti da ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ yẹn nù, ṣé ó máa tètè lọ rí dókítà ni? Kò bára mu, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rò nìyẹn.

Àlàájì Mùdà, ọ̀rẹ́ mi ará Ìbàdàn, ló gba gbogbo ètò ìsìnkú ṣe. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀, ó máa ń pariwo ju èmi lọ. Lọ́jọ́ yẹn, kò pariwo. Ó rán àwọn ọkùnrin lọ sí mọ́ṣáláṣí, òun fúnra ẹ̀ jókòó tì mí ní pálọ̀, ó fa àga sídìí ilẹ̀kùn. Ẹ mọ ìdí ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Òbí kì í fojú rí sàréè ọmọ.

Lásìkò tí mo mọ̀ pé wọ́n ti ń gbé e lọ, mo dìde, mo lọ mú ìwé aláwòrán wá. Bírò rẹ̀ ṣì wà láàárín ẹ̀. Mo fi àmì sí ibi ẹrẹ̀.

“Kí lo ń ṣe yẹn?” Mùdà bi mí.

“Mò ń yan ibi tí a máa lọ.”

Ó yíjú sí ògiri. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé Ìbàdàn náà máa ń sunkún.

Nígbà tí wọ́n dé láti ìtẹ́ òkú, ìmáàmù wa bá wọn wá. Ọmọ Pàkísítàn ni, ọ̀dọ́kùnrin tó níwà pẹ̀lẹ́. Òyìnbó ni òun àti Mùdà fi ń sọ̀rọ̀ lórí mi, bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀.

“Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí bàbá ẹ̀. Ta ló yẹ kó ṣàdúà fún un jù ú lọ?”

“Ìmáàmù, lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ ló ń sin bàbá,” Mùdà sọ. “Bàbá tó bá lọ dúró sídìí sàréè ọmọ, ó ti gbà nìyẹn pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí.”

“Ẹ̀sìn ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀ pé ẹ̀sìn ò sọ bẹ́ẹ̀. Àwa la sọ bẹ́ẹ̀.”

Ìmáàmù wá yíjú sí mi. “Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Bàbá? Kí lẹ fẹ́?”

Èmi tí ẹnu mi kì í di, Bàbá. Mo wo ọmọ náà títí. Mo ní, “Tíì.”

Wọ́n lọ po tíì wá. Mo mu ún.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Wàídì ẹ̀gbọ́n mi ti ń padà wá sí mi lọ́kàn. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ibà pa á? Wọ́n gbé e lọ sin sẹ́yìn ìlú, ẹ̀yin sì jókòó síwájú ilé, ẹ ń tún àwọ̀n ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọdé ni mí, mi ò lóye. Mo sún mọ́ yín, mo ní, “Bàbá, àwọ̀n yìí ò mà ya.” Ẹ ò nà mí. Ẹ kàn ń ta kókó, ẹ ń tú u, ẹ tún ń ta á.

Lẹ́yìn ìyẹn, ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, mo jí, mo rí yín tí ẹ ń ti ìta bọ̀. Ẹ ní etí omi lẹ lọ. Mo wo ẹsẹ̀ yín. Ẹ máa rántí pé funfun ni yanrìn etí omi wa. Ilẹ̀ pupa, ẹ̀yìn ìlú nìkan ló wà. Ẹsẹ̀ yín pupa dé kókósẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, “Etí omi ti pupa lónìí o.” Ẹ wò mí lẹ́ẹ̀kan, ẹ bu omi, ẹ fọ ẹsẹ̀ yín kí Ìyá tó jí. Mo ti darúgbó báyìí, Bàbá. Ṣé ẹ lọ? Ṣé ẹ máa ń lọ? Kí lẹ sọ fún un tí ẹ débẹ̀?

Mùdà ló ní kí n wọ ọkọ̀ òkun náà.

“Lọ jàre. Kí afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ sí ẹ lára. Rìsí ló fún ẹ, má dá a padà.”

“Ta ni màá máa yọ lẹ́nu níbẹ̀?”

“Àwọn òyìnbó pọ̀ níbẹ̀.”

Ó bá mi gbé àpótí dé ibùdó ọkọ̀, ó dúró títí mo fi wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Southampton. Mo dé fìlà koríko tí Rìsí rà fún mi. Mùdà juwọ́ sí mi, èmi náà juwọ́ sí i, mo ní kó gbádùn òjò.

Nígbà tí mo padà dé, ìtàn ni mo bá dé. Mo sọ ọ́ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí bó ṣe wà nínú ìwé, erékùṣù kan tẹ̀lé òmíràn, mo fi iyọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni ò wo awọ ara mi bóyá oòrùn kàn án. Ta ló máa wo ará Ẹ̀pẹ́ kó tó mọ̀ pé oòrùn ti pa á? Mùdà nìkan ló wo bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà.

“Etíkun ibẹ̀ ní amọ̀ o.”

“Ti Saint Lucia ni.”

Ó gbé bàtà náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó mú ọ̀bẹ, ó fara balẹ̀ ha amọ̀ náà kúrò, ó gbé e padà wá, ó tò ó síbi tó wà. Kò sì tíì dárúkọ ẹ̀ fún mi títí di òní.

Mo wá fẹ́ sọ ọ́ fún yín, Bàbá, kí n sinmi irọ́. Mi ò wọ ọkọ̀ òkun kankan. Bí Mùdà ṣe yí ẹ̀yìn padà, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì náà kó tó ṣí. Dẹ́rẹ́bà fa àpótí mi jáde, ó bi mí bóyá mo gbàgbé nǹkan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo lọ gba yàrá kan ní Bolton, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí, gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn fi wà lórí òkun ni mo sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìtẹ́ òkú. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Mo rí sàréè ọmọ mi. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì tẹ́ ẹrẹ̀ orí ẹ̀ kó lè dọ́gba, mo sì fi èyí tó kù lọ́wọ́ mi pa ojú.

Èmi ni, ọmọ yín tó fi ẹsẹ̀ yín rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó sì fẹ́ràn yín.