Dókítà Tó Jókòó Sílẹ̀

Sí ọmọ ọmọ mi, Oníbéèrè,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o ń gbé, mo kí ẹsẹ̀ rẹ tó ń tẹ̀ lé àwọn dókítà láti yàrá dé yàrá. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà yẹ̀, kó má sì jẹ́ kí o kó ikọ́ ọmọ ọlọ́mọ wálé. Ara mi le, àyàfi orúnkún, òun náà sì ti mọ̀ pé mi ò ráyè tirẹ̀. Bàbá rẹ wà, ìyá rẹ wà, ewúrẹ́ tó máa ń jẹ aṣọ wa lórí okùn náà wà, kò tíì kú. Aránṣọ ìtòsí wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi adùn tirẹ̀ sí i, nítorí ó ti kọ "ọmọ mi ọ̀wọ́n" sókè, mo sì ní kó pa á rẹ́. O mọ̀ pé mi ò pè ọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí o má wá sílé mọ́. Ìwé tí mo fi ránṣẹ́ ṣáájú, tí mo ní kí o di ẹrù rẹ kí o wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, fi í dáná. Bí o bá ti di ẹrù, tú u.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ ló fa gbogbo rẹ̀. O ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé ni wọ́n fi ọ́ sí báyìí, pé ẹ̀yìn àwọn dókítà lo máa ń tẹ̀ lé kí o lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó dáa. Mo wo àwòrán, mo rí ògiri tí wọ́n ya erin àti ọ̀bọ sí, mo rí bọ́ọ̀lù, mo rí ọkọ̀ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, mo wá rí ìwọ alára tí o jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, o na ẹsẹ̀ gbọọrọ, o dé abọ́ ike pupa bíi fìlà, ọmọ kan tí kò tíì hu eyín tán ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Mo bi bàbá rẹ pé ṣé jẹ́léósinmi kọ́ nìyí. Ó ní ilé ìwòsàn ni. Mo ní ilé ìwòsàn tí mo mọ̀, òórùn oògùn ni èèyàn ń gbọ́ níbẹ̀, wọn kì í ya ọ̀bọ sára ògiri. Ó ní èèyàn kì í gbọ́ òórùn nínú àwòrán. Ó ti di ọlọ́gbọ́n láti ìgbà tó ti ra fóònù.

Mo wá mọ̀ nínú ara mi pé o ti fìdí rẹmi, pé wọ́n ti ń dá ọ padà díẹ̀díẹ̀, láti yunifásítì sí girama, láti girama sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí wọ́n fi dá ọ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tíì lè fun ikun imú wọn, ojú ló sì ń tì ọ́ láti sọ. Mo tún rí okùn tó wà lọ́rùn rẹ tó wọ etí rẹ méjèèjì, mo ní ẹ wò ó, rédíò ló tún ń gbọ́. Mo ní kí bàbá rẹ pa àwòrán náà rẹ́ kí àlejò má baà rí i, ó sì pa á rẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ nínú ìwé yẹn pé kí o dìde nílẹ̀, nítorí dókítà kì í jókòó sílẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni àbúrò bàbá rẹ, Alágbára, tún gbé agbára rẹ̀ dé. Ó di ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Ọ̀gá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì, mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń fì í yípo bí ẹni tó fẹ́ ju kànnàkànnà. Mo ní kó sọ ọmọ kalẹ̀, ó ní ṣé ẹ ò rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ọmọ kígbe, apá òsì rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀ sílẹ̀, kò sì gbé e mọ́. A na bisikíìtì sí i lápá òsì, ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbà á. Ìyàwó Alágbára kò bá ọkọ rẹ̀ jà, ó kàn ń wò ó ni, ìyẹn sì burú ju ìjà lọ. Alágbára tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún. Mo ní ẹkún kì í to apá, kó lọ wá mọ́tò. Ṣùgbọ́n nínú ara mi, mo ti gbà pé ọmọ yìí ti di alápá kan. Mi ò sọ ọ́ síta.

A dé ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Ọ̀bọ ni mo kọ́kọ́ rí lára ògiri.

Nọ́ọ̀sì kan gbé Ọ̀gá sórí òṣùwọ̀n, mo sọ fún un pé a kò wá tà á. Òmíràn na ìbọn kékeré sí iwájú orí ọmọ, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kó lè mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná ni. Mo bi í pé kí ló ṣe ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

Dókítà wá wọlé, obìnrin kúkúrú kan, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ bíi tìrẹ sì ń tẹ̀ lé e bí òròmọdìẹ, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, bí dókítà bá rìn á rìn, bó bá dúró á dúró. Mo bi ọmọbìnrin náà pé ṣé àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ pé ohun tó ń ṣe nìyí. Ó ní wọ́n mọ̀. Mo ní ṣé wọ́n sì gbà. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ojú ló ṣì fi ń kọ́ṣẹ́, ó máa tó kan ọwọ́."

Ni dókítà bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Dókítà gan-an ni mo wí, ẹni tí gbogbo wọn ń kí tẹ̀rùtẹ̀rù. Kò fọwọ́ kan Ọ̀gá rárá, ó yí bọ́ọ̀lù sí i, ó ń wo ọwọ́ tó máa fi mú un. Ó bi Alágbára pé kí ló ṣẹlẹ̀, Alágbára ní ọmọ ṣubú ni. Mo wò ó. Ó sọ òótọ́. Dókítà ní egungun ìgúnpá ló yẹ̀ díẹ̀, pé àwọn bàbá tó lágbára ló sábà máa ń gbé irú rẹ̀ wá, ó sì ní kò nílò kí wọ́n ya àwòrán. Ìyẹn dùn mí, torí aṣọ tuntun la wọ̀ fún ọmọ. Aránṣọ ní àwòrán egungun ni wọ́n ń sọ. Mo ní kó kọ ohun tí mo sọ.

Dókítà di apá náà mú, ó yí i, ó ká a, mo gbọ́ kẹ́. Ọ̀gá ké. Dókítà fi í sílẹ̀, ó ní ká dúró ná. Ìdúró yẹn ló le jù. Ọmọbìnrin yẹn mú ìgò omi ọṣẹ kékeré jáde lápò, ó ń fẹ́ ẹ, ìfófó róbótó-róbótó ń fò káàkiri. Ọ̀gá pa ẹnu mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá wọn mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni, ọwọ́ ọ̀tún ṣáá. Ọmọbìnrin náà bá rákò lọ sí apá òsì rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ́ ẹyọ kan ńlá. Ọ̀gá wò ó. Apá tó ti kú láti òwúrọ̀ gbéra, ó nà tán, ó sì fọ́ ọ.

Dókítà ní, "Ṣé o rí i?"

Ọmọbìnrin náà ní, "Mo rí i, mà."

Ìyàwó Alágbára lu ọkọ rẹ̀ léjìká lẹ́ẹ̀kan, ó ní àwọn máa sọ̀rọ̀ nílé. Èmi jókòó, torí orúnkún mi rántí ara rẹ̀. A kì í ti orí àga gbọ́ ohun tí ọmọdé ń sọ, mo sì ti dàgbà tó báyìí kí n tó mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin náà tún fi okùn ọrùn rẹ̀ sí mi létí kí n gbọ́ àyà ara mi. Bó bá jẹ́ rédíò ni, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbà, gbì-gbì nìkan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Wàhálà tó kù ni pé mo ti sọ fún àdúgbò pé wọ́n dá ọ padà sí jẹ́léósinmi. Mo ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, ṣùgbọ́n ìyàwó káfíńtà ní àfi kóun fojú ara òun rí dókítà tó ń jókòó sílẹ̀. Nítorí náà, fi àwòrán náà ránṣẹ́ padà, èyí tí o ti dé abọ́ ike. Kí o sì fi owó ránṣẹ́ tí wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, kí wọ́n fi gíláàsì sí i, kí n gbé e kọ́ sójúde. Má jẹ́ kí owó náà gba inú fóònù bàbá rẹ wá. Bó ṣe pa àwòrán rẹ́ yẹn náà ló máa pa owó rẹ́. Èèyàn ni kí o fi rán.

Ọlọ́run á fún ọ ní ojú tó ń ríran àti ìdí tó lè jókòó pẹ́. Gbogbo ọmọ tí o bá jókòó tì á nawọ́. Mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ pé kí o dìde nílẹ̀. Má dìde.

Èmi ni,
Ìyá bàbá rẹ.